Fìlà Orí Ońṣẹ́

Oṣù kọkànlá, yìnyín kò tíì bo adágún,
bàbá mi Taisto gbá ahéré igi tó wà létí omi.
Ilẹ̀ gbẹ. Eruku gbẹ.
Ìgbẹ́ eku igbó gbẹ láàárín igi ìdáná tí a tò de òtútù.
Wọ́n sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bú eku, wọ́n lọ dáná sí ilé ooru,
wọ́n wẹ̀, wọ́n sùn.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ibà tó kan ilẹ̀kùn.

Ohun tó wọlé yẹn, èmi Saimi mọ̀ ọ́n.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń sìn ín nínú ìgò ní Kuopio,
ní yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í jáde láìgbàyè,
ìbọ̀wọ́ méjì lọ́wọ́, ìbòmú lẹ́nu,
tí mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ àna tó ń jalè.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́.
Irọ́ ni, níbí.
Ògiri sẹ́ẹ̀lì ò lanu. Ọwọ́ ló nà.
Purotéènì kan wà lára òpó ẹ̀jẹ̀
tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di aládùúgbò rẹ̀ mú ṣinṣin,
kí ẹ̀jẹ̀ má jò, kí omi má sá.
Ọwọ́ tó fi ń di ará ilé mú
ló fi bọ àlejò lọ́wọ́.
Fáírọ́ọ̀sì dì í mú. Ilé gbé e mì.

Kí ló kó wá? Ewé ìwé mẹ́ta.
Kò ní iná, kò ní ìkòkò, kò ní ẹnu tí yóò fi jẹun.
Ẹni tí kò lọ́wọ́ ló wá ń pàṣẹ fún alágbẹ̀dẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti fìlà.
Nínú sẹ́ẹ̀lì, ońṣẹ́ kankan kì í jáde láìdé fìlà.
Níbi tí wọ́n ti ń hun purotéènì, wọn kì í wojú ẹnikẹ́ni,
fìlà ni wọ́n ń wò.
Olè yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lúgọ de ońṣẹ́ wa lẹ́bàá ọ̀nà,
ó gé fìlà mọ́ irun, mọ́ awọ orí díẹ̀,
ó fi dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.
Àwọn ahunṣọ dìde: Ẹ káàbọ̀. Kí la ó hun?
Wọ́n sì hun ún, òwú wa, àkókò wa, epo àtùpà wa,
títí ilé fi kún fún àlejò.
Ońṣẹ́ wa tó di aláìnífìlà,
àwọn agbálẹ̀ wa gan-an ló gbá a dànù.

Mo ti kọ gbogbo èyí sínú ìwé, pẹ̀lú àwòrán.
Kò wúlò lẹ́bàá ibùsùn.
Ìwe bàbá mi ń jò bí ajere. Ojú wọn ṣú;
wọn ò rí nọ́ńbà lára aago ògiri.
"Saimi," wọ́n ní, "ìwọ tó mọ̀ ọ́n tó báyìí,
o ò lè sọ fún un pé bàbá rẹ nìyí?"
Mo ní, "Mo sọ fún yín kí ẹ wọ́n omi kí ẹ tó gbálẹ̀."
Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Èmi náà yíjú sí i.

Eku tó gbé e wá kò tilẹ̀ fọn ikun.
Àwọn méjèèjì ti bára wọn gbé pẹ́;
bóyá ìjà ni wọ́n jà tì, bóyá wọ́n ti mọ ìwà ara wọn,
mi ò tíì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo dé dúró.

Ibà lọ, láìdágbére.
Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà
pẹ̀lú fìlà onírun àgùntàn tí ìyá mi hun,
fìlà náà ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wojú.
"Ẹ bọ́ ọ," mo ní, "ẹ jẹ́ n rí yín."
Irun wọn ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì mo bá wọn nínú ahéré,
korobá lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ tutù rinrin,
wọ́n ń gbálẹ̀ jẹ́jẹ́
bí ẹni ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ eku.